Ta Ní Ń Fọhùn? Èrò Lórí Ẹ̀rọ Inú Ilé Tí Ń Fi Ewì Jíṣẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ohùn ọmọ ènìyàn ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń pa òwe náà. Wọn kò rò ó pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àpótí onírin yóò máa kọrin nínú ilé ìdáná, tí aago orí pẹpẹ yóò sì máa ké ewì fún ẹni tí ó bá wò ó. Ọjọ́ náà ti dé. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí èmi àti òǹkàwé jọ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí kò ṣòro láti bi, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò rọrùn: bí ohun èlò inú ilé bá ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tàbí orin dídùn sọ ipò tí ó wà fún wa, ṣé oore ni ó ń ṣe wá, àbí ó ń tàn wá jẹ?

Ohun tí ó gbé ìbéèrè yìí ka iwájú mi ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa ní Ọ̀fà. Ìyá mi, tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ní àrùn àtọ̀gbẹ. Abẹ́rẹ́ insulin ni ó ń gbà lójoojúmọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé ìgò insulin tí a kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà níbi tí ó tutù, láàrin ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kò gbọdọ̀ di yìnyín, kò sì gbọdọ̀ gbóná. Nítorí èyí ni àwa ọmọ rẹ̀ ṣe dá owó jọ tí a fi ra fìríìjì tuntun fún un. Fìríìjì náà kì í pariwo. Bí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀ pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ, orin kékeré kan ni ó ń kọ, orin tí ó tutù létí bí ìgbà tí ọmọdé ń fun fèrè láti òkèèrè.

Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí ooru mú gidigidi, ẹnì kan mu omi, kò sì ti ilẹ̀kùn náà dáadáa. Ẹ̀rọ náà kọrin. Ìyá mi gbọ́ ọ láti orí ibùsùn rẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí i ní òwúrọ̀, ó sọ fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín pé, "Ọmọ mi, fìríìjì yín yìí mà mọ orin ín kọ o. Ó kọ ọ́ fún mi títí tí oorun fi gbé mi lọ." Mo sáré wọ ilé ìdáná. Àwọn ìgò insulin tí mo fọwọ́ kàn ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Apòògùn tí mo bá sọ̀rọ̀ sọ fún mi pé kì í ṣe pé wọ́n bàjẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè fi wọ́n pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù mọ́. Èyí tí a kò bá lò láàrin nǹkan bí ọjọ́ 28, dídà nù ni. Oògùn oṣù mẹ́rin ni a ti rà pamọ́. Oògùn oṣù mẹ́ta nínú rẹ̀ ni a dà nù.

Owó tí a fi rà wọ́n kì í ṣe owó kékeré, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó nìkan ni ó dùn mí. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ẹ̀rọ náà ti sọ ohun tí ó yẹ kí ó sọ, ní àsìkò tí ó yẹ kí ó sọ ọ́. Ìyá mi sì gbọ́. Síbẹ̀, iṣẹ́ tí a fi rán ẹ̀rọ náà kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a rán an sí. Dídùn tí orin náà dùn ni kò jẹ́ kí ó dé.

Kí òǹkàwé má ṣe rò pé ilé tèmi nìkan ni irú nǹkan báyìí wà. Àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ Samsung a máa kọ orin bí wọ́n bá ti parí iṣẹ́. Orin náà ni "Die Forelle", tí Franz Schubert, ará ilẹ̀ Austria, ṣe ní ọdún 1817. Orin ẹja kan ni, ẹja tí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tí ó mọ́ gaara, tí apẹja kò rí mú àfi ìgbà tí ó da omi náà rú kí ẹja má baà ríran mọ́. Ní ilẹ̀ Japan, ìkòkò oníná ilé-iṣẹ́ Zojirushi tí wọ́n fi ń se ìrẹsì a máa kọ orin kan bí a bá gbé e ka iṣẹ́, a sì kọ òmíràn nígbà tí ìrẹsì bá jinná. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1998, ìwé ìròyìn Salon ṣe ìdíje kan fún àwọn òǹkàwé rẹ̀: kí wọ́n fi haiku, ewì kúkúrú ilẹ̀ Japan tí ó ní sílébù mẹ́tàdínlógún, kọ ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà máa ń sọ nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ṣe ẹ̀fẹ̀ lánàá ti di ọjà lónìí. Ní ọdún 2024, Matt Webb ní ìlú London gbé aago kan jáde fún ìtajà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Poem/1. Dípò kí aago yìí fi ọwọ́ tàbí nọ́ńbà sọ àsìkò, ewì tuntun ni ó ń kọ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, nípasẹ̀ ọpọlọ àtọwọ́dá, láti fi sọ iye tí aago lù. A sì ti rí i pé nígbà mìíràn aago náà a máa pa irọ́ àsìkò kí ìró ìparí ìlà rẹ̀ lè bá ara wọn mu.

Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí ọ̀rọ̀ aago yìí díẹ̀. Ó rọrùn kí ènìyàn gbé e, kí ó sì fi dá gbogbo ẹ̀rọ akéwì lẹ́jọ́ pé, "Ẹ ò rí i bí? Irọ́ ni ewì. Òótọ́ ni nọ́ńbà." Èmi kò fara mọ́ ìdájọ́ náà. Bí ẹnì kan bá ní oòrùn ti wọlé lọ sùn, kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kò sí olùgbọ́ tí yóò lọ wá ẹní tí oòrùn tẹ́. Ìfohunpènìyàn kì í ṣe irọ́, bẹ́ẹ̀ ni àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ kì í ṣe ẹ̀tàn. Bí ó bá jẹ́ pé ewì kò lè jíṣẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé àwọn baba ńlá wa ti ń tan ara wọn jẹ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, nítorí kò sí ohun èlò kan tí wọ́n fi ìròyìn rán tí wọn kò fi ewì sí i lẹ́nu. Ohun èlò tí mo ń sọ ni ìlù.

Ẹ̀rọ akéwì ni dùndún nílẹ̀ Yorùbá. Igi ni, awọ ẹran ni, ọsán ni. Kò ní ẹ̀mí, kò sì ní ahọ́n. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó lè gbé jáde. Kò lè pe kọ́ńsónáǹtì, kò sì lè pe fáwẹ̀lì. Nítorí náà ìṣòro ńlá kan dojú kọ onílù. Bí ó bá lu ohùn àárín tí ó sì lu ohùn òkè tẹ̀ lé e, kí ni ó sọ? Ó lè jẹ́ ilé. Ó lè jẹ́ owó. Ó lè jẹ́ ewé, ó lè jẹ́ iṣẹ́, ó sì lè jẹ́ ọkọ́ tí a fi ń roko. Báwo wá ni olùgbọ́ ṣe ń mọ ohun tí ìlù ń wí? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé onílù kì í sáábà lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Òwe ni ó ń lù, oríkì ni ó ń lù, gbólóhùn gígùn tí etí ti mọ̀ ni ó ń lù, kí ọ̀rọ̀ kan lè máa tọ́ka sí ìkejì rẹ̀ títí tí ìtumọ̀ yóò fi hàn gbangba. Akin Euba ti ṣe iṣẹ́ tí ó jinlẹ̀ lórí ìlù yìí nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Drumming: The Dùndún Tradition, tí ó jáde ní ọdún 1990. Kì í sì í ṣe àwa nìkan. Nígbà tí John Carrington kọ Talking Drums of Africa ní ọdún 1949 lẹ́yìn tí ó ti gbé láàrin àwọn ènìyàn Lokele ní ilẹ̀ Congo, irú ọgbọ́n kan náà ni ó bá lọ́wọ́ wọn: wọn kì í lu orúkọ nǹkan lásán, àpèjúwe gígùn ni wọ́n ń so mọ́ ọn kí ó má baà pa mọ́ òmíràn.

Ohun tí èyí kọ́ wa ṣe pàtàkì gidigidi. Ẹwà tí ó wà nínú èdè ìlù kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí a fi bo ìròyìn mọ́lẹ̀. Ẹwà náà gan-an ni ó ń jẹ́ kí ìròyìn yé ni. Bí a bá mú ewì kúrò, ohun tí yóò kù kì í ṣe òótọ́ gbalasa. Ariwo lásán ni yóò kù. Ṣùgbọ́n nínú fìríìjì ìyá mi, ìdàkejì ni: bí a bá mú orin kúrò tí a fi ìró líle sí i, iṣẹ́ náà ìbá tètè dé. Ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ nìyí láàrin ẹ̀rọ àwọn baba wa àti ẹ̀rọ tiwa.

Ìyàtọ̀ kejì hàn nínú àrokò. Ní ayé àtijọ́, bí ẹnì kan bá fi ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, kì í ṣe owó ni ó fi ránṣẹ́. Ẹ̀fà ni, ọkàn mi sì ń fà sí ọ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni: èmi àti ìwọ jọ ara wa. Ìfọ̀rọ̀dárà pọ́ńbélé ni, ewì sì ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó la ẹnu. Kí ni kò jẹ́ kí àrokò di ẹ̀tàn? Àjọmọ̀ ni. Ẹni tí ó fi ránṣẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí náà mọ̀ ọ́n. Àwùjọ kan náà ni ó kọ́ àwọn méjèèjì. Bí àrokò bá bọ́ sí ọwọ́ àlejò, ẹyọ owó lásán ni yóò rí. Ìyá mi ni àlejò nínú ilé ara rẹ̀ ní òru ọjọ́ yẹn. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní ohun tí orin náà túmọ̀ sí, nítorí àwọn tí ó ṣe é rò pé kò sí ẹni tí kò ní yé. Ìwé àlàyé wà nínú páálí tí fìríìjì bá dé, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn èdè mìíràn sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìyá mi kò ka èyíkéyìí nínú wọn.

Ìyàtọ̀ kẹta ni ti òótọ́, oríkì ni mo sì fẹ́ fi ṣe àlàyé rẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò tíì gbọ́ ọ pé ìjàkadì ni orò Ọ̀fà. Ìròyìn ni gbólóhùn yìí bí ó ti jẹ́ oríkì: ó ń sọ ohun tí ìlú náà jẹ́, ohun tí a mọ̀ ọ́n mọ́, àti ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣe lọ́jọ́ ọdún. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ará Ọ̀fà kò jà rí, oríkì náà ìbá ti di èébú. Akéwì wa lè sọ àsọrégèé, ó lè pọ́n ni, ó lè ṣe ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè kì ọ́ ní oríkì ìlú tí kì í ṣe tìrẹ, nítorí àwọn tí ó dúró yí i ká mọ ìlú rẹ, wọn yóò sì dá a dúró lójú agbo. Aago London tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní agbo. Ó dá wà lórí pẹpẹ, ó ń ké ewì fún ara rẹ̀. Nígbà tí ìró ìparí ìlà kò bá bá àsìkò mu, àsìkò ni ó ń yí, kì í yí ìlà. Ẹ̀bi ewì kọ́ nìyẹn. Ẹ̀bi ewì tí kò ní ẹlẹ́rìí ni.

Òǹkàwé lè sọ pé ìlù àti àrokò ti di ọ̀rọ̀ àtijọ́, pé ayé ẹ̀rọ ni a wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ pàápàá kì í ṣe àlejò tuntun ní Ọ̀fà. Ọkọ̀ ojú irin tí ó gbéra láti Èkó dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ó sì dé Jẹ́bà ní ọdún 1909. Àárín ọdún méjèèjì yìí ni ó gba Ọ̀fà kọjá. Ọkọ̀ náà kò mọ Yorùbá. Irin lórí irin ni ó ń dún. Àwọn ènìyàn wa ni ó gbọ́ fàkà-fìkì nínú rẹ̀, àwọn ọmọdé ni ó sì ń fi oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe nígbà tí Radio Nigeria ń fi ìró dùndún dá ara rẹ̀ mọ̀ fún olùgbọ́: orúkọ ilé-iṣẹ́ ni onílù ní kí ó wí, ṣùgbọ́n àwọn aláwàdà nígboro ń fi ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ tí ohùn rẹ̀ bá a mu sínú rẹ̀, tí gbogbo ilé sì ń rẹ́rìn-ín.

Títí di òní ni a ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì èyíkéyìí. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tí ń tún ọkọ̀ mi ṣe máa ń bi mí ni pé, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe ń dún gan-an?" Èmi tí mo gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú èdè Yorùbá yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ṣe é: bí mo bá tẹ bíréèkì, á ní kíìì, bí mo bá ń gun òkè, á máa ṣe gbọ̀ọ̀-gbọ̀ọ̀-gbọ̀ọ̀, bí mo bá pa á, á mí kanlẹ̀ kó tó dákẹ́. Yóò mi orí, yóò sì sọ ohun tí ó bàjẹ́ kí ó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìfìrógbóyeyọ tí a ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú kíláàsì ni ohun èlò iṣẹ́ ọkùnrin yìí, ó sì wúlò fún un bí sípánà ti wúlò. Ẹ ṣe àkíyèsí ibi tí ewì ti wọlé níhìn-ín. Ọkọ̀ kò kéwì. Ìró tí ó ń ti ara rẹ̀ jáde ni ó ń dún, ìró tí àìsàn rẹ̀ fà. Àwa ènìyàn ni a sọ ọ́ di ewì, èmi àti mẹkáníìkì sì jọ gbọ́ ọ yé ara wa.

Ó ku ohun kan, òun ni ó sì wúwo jù lójú mi: ta ní ń fọhùn? Nígbà tí onílù bá fi ìlù bú ìjòyè, kò sí ìlú tí ó jẹ́ ìlù ni wọn yóò mú. Ọmọ Àyàn ni wọn yóò pè wá jẹ́jọ́. Gírámà èdè wa pàápàá mọ ọgbọ́n yìí. Bí iná mànàmáná bá lọ, Yorùbá kì í sáábà sọ pé iná lọ. Ohun tí a ń sọ ni pé, "Wọ́n ti mú iná lọ." Bí ó bá sì padà, "Wọ́n ti mú iná dé." Ta ni "wọ́n"? A lè má mọ orúkọ wọn, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ènìyàn ni wọ́n. NEPA bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1972, ó yí padà di PHCN ní ọdún 2005, ìjọba sì gbé iṣẹ́ pínpín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ ní ọdún 2013. Síbẹ̀, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà tí NEPA kógbá sílé ṣì ń fò sókè tí wọ́n ń kígbe "Up NEPA!" bí iná bá dé. Àwọn tí ń fi ọmọ wọ̀nyí ṣe yẹ̀yẹ́ kò rí ohun tí mo rí. Mo rí àwùjọ tí kò gbà pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ibi yòówù tí iṣẹ́ bá ti bàjẹ́, ẹnì kan ni ó wà ní ìdí rẹ̀, ẹni náà sì ni a ń pè.

Nísinsìnyí, ẹ wo ohùn inú fóònù. Láti ọdún 2001 tí fóònù alágbèéká GSM ti dé sí orílẹ̀-èdè yìí ni obìnrin olóhùn dídùn kan ti ń sọ fún wa pé ẹni tí a ń pè kò sí ní àrọ́wọ́tó, kí a jọ̀wọ́ kí a má bínú. Ìyá mi máa ń dá a lóhùn. "Kò tọ́pẹ́, ọmọ mi," ni yóò wí, "màá tún un pè nígbà tó bá yá." A ti fi í rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó jinlẹ̀, mo rí i pé òun ni ó mọ ẹ̀kọ́ ilé, pé àwọn tí ó rán ohùn náà wá ni kò ní in. Ẹ̀bẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹni tí ó ń bẹ̀bẹ̀ a kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní ara tí ó fi lélẹ̀, ó sì ní orúkọ tí a lè fi pè é padà bí ó bá tún ṣẹ̀ wá lọ́la. Ohùn tí kò ní eékún, tí kò sì ní orúkọ, kí ni ó fi ń bẹ̀ wá? Ẹnu dùn ún ròfọ́. Bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ bẹ̀ wá, kí ó rán ènìyàn sí wa, tàbí kí ó ṣe àtúnṣe. Kí ó má ṣe fi ohùn aláìlójú gba ìbínú tí ó tọ́ sí i sílẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ewú tí mo rí nínú ẹ̀rọ akéwì kò ju èyí lọ: pé yóò máa fi adùn tu ni nínú níbi tí ó yẹ kí ènìyàn ti wá jíhìn.

Mo gbé èrò yìí ka iwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọbìnrin kan sì dìde. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ gbà mí láàyè. Ìyá àgbà yín dá wà ní ilé láti òwúrọ̀ di alẹ́. Àwọn ọmọ wà ní Èkó, àwọn ọmọ-ọmọ wà ní London. Bí ẹ̀rọ kan bá kọrin tí inú wọn dùn, kí ló burú níbẹ̀? Ṣé kí gbogbo nǹkan máa hàn gooro létí arúgbó ni?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára, nítorí òótọ́ ni. Ilé tí a kò gbọ́ ohùn ènìyàn nínú rẹ̀ ń wú arúgbó lẹ́nu láti mẹ́nu bà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ariwo líle kì í ṣe òótọ́ bí orin dídùn kì í tíì ṣe irọ́. Ẹ̀rọ inverter tí ó ń han gooro lóru kò sí ẹni tí ń gbọ́ ọ mọ́ nínú ilé ọ̀pọ̀ wa. Etí ti mọ̀ ọ́n lára, ọkàn sì ti pa á tì. Mo dá akẹ́kọ̀ọ́ náà lóhùn pé mo gba ẹjọ́ rẹ̀ yẹ̀ wò, mo sì dá a láre lápá kan. Ẹ̀bi tí mo ń bá ẹ̀rọ wí kì í ṣe pé ó kọrin. Ẹ̀bi rẹ̀ ni pé ó kọrin láìjẹ́ kí ẹni tí ó ń kọ ọ́ fún mọ̀ pé òun ni a ń bá wí. Ẹ̀bi tiwa ọmọ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú: fìríìjì ni a rà tí a sì lọ, bí ẹni pé ẹ̀rọ lè dúró de ìyá ẹni.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ewì sí ẹ̀rọ lẹ́nu, ìbéèrè mẹ́ta ni mo rò pé ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dáhùn. Èkíní: ṣé ẹwà tí ó fẹ́ fi sí i yóò mú kí ìròyìn túbọ̀ yé ni, gẹ́gẹ́ bí ti dùndún, àbí yóò bò ó mọ́lẹ̀? Èkejì: ṣé ẹni tí yóò gbọ́ ọ ti mọ̀ ọ́n, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń pa àrokò fún ara wọn ti mọ̀ ọ́n? Ẹ̀kẹta: bí ìròyìn náà bá jẹ́ irọ́, tàbí tí kò bá dé, ta ni a ó pè wá jẹ́jọ́? Ẹ̀rọ tí ó bá yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó máa kéwì nìṣó. Èmi yóò wà lára àwọn tí yóò máa gbọ́ ọ. Èyí tí kò bá yege, kí ó sọ nọ́ńbà rẹ̀ kí ó sì dákẹ́.

Ní ti fìríìjì wa, a kò tà á. Ní àsìkò ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, ọmọ àbúrò mi kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wá gbé ọ̀dọ̀ ìyá mi. Ó jókòó ti ẹ̀rọ náà ní ọjọ́ kan, ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè kọrin, ó sì tẹ́tí sí i. Ohùn márùn-ún ni orin náà: àárín, òkè, àárín, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀. Ó ké sí ìyá mi pé, "Màmá, mo ti gbọ́ ohun tó ń wí! Ó ní, 'Ẹ wá tilẹ̀kùn.'" Ó tún un kọ, ìyá mi náà sì gbè é. Ọ̀rọ̀ náà bá orin mu bí ẹni pé onílù ni ó lù ú.

Láti ọjọ́ náà, ìyá mi kì í fi orin náà sùn mọ́. Bí ẹ̀rọ bá ti bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ ni a ó máa gbọ́ láti inú yàrá pé, "Ta ló wà níbẹ̀ o? Ẹ wá tilẹ̀kùn!" Ẹni tí ó bá sún mọ́ ibẹ̀ jù yóò sì dìde, yóò lọ tì í.